Etí Àwòrán

Yàrá kan la háyà ní Mọ́kọ́lá, lókè ilé oníbúrẹ́dì,
èmi àti Mojírayọ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́ta
tí ọ̀kan nínú wọn kì í tàn bí a ò bá gbá a létí.
Iṣẹ́ wa ni pé ká kọ́ ẹ̀rọ ní wíwò:
kí ayàwòrán jókòó sí Bódìjà, kó ní,
"Wá àwọ̀ aró kan fún mi,
aró ìrìbọ̀ kẹta, tí kò tíì dúdú,"
kí ẹ̀rọ má bi í ní orúkọ kankan,
kó wọ àárín ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún àwòrán,
kó mú un jáde.

Ó ń ṣì í o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́.
Ó pe òpó Mápó ní ẹsẹ̀ tábìlì.
Ó wo òrùlé Bẹẹrẹ láti òkè,
ó ní ata ni, wọ́n sá a sóòrùn.
Ó rí gèlè ìyá Mojírayọ̀, ó ní ìrọ̀rí.
A rẹ́rìn-ín títí iná fi lọ;
iná lọ tán, ẹ̀rín náà bá a lọ,
a wá jókòó sínú òkùnkùn,
à ń kọ́ ẹni tí ò lójú ní wíwò.

Bàbá Láòṣebíkan ló kó àwòrán fún wa,
fọ́tò ogójì ọdún, láti Òkè-Bọ́lá,
nẹ́gẹ́tíìfù nínú agolo mílíìkì,
agolo mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.
"Ọwọ́ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi mú un," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀.
À ń kó o wọ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan,
a sì ń gé etí rẹ̀ dànù kó lè yá,
etí tí ò ju aṣọ ẹ̀yìn lọ, ògiri, òjìji.
Ta ló ń wo etí? Ojú lọ̀rọ̀ wà.
Bí a ṣe ń wí nìyẹn.

Ìbídùnní dé lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ṣe èèpo ẹ̀yìn ìwé ní Jẹ́ríkò.
Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ: ọwọ́ tó di nǹkan mú
tí kò fẹ́ ká rí òun.
A rò pé ẹ̀rọ á dákú. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló fi rò ó,
ó gbé mọ́kànlélógójì wá
láti inú agolo àná, tí a kò tíì gé.
Ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Alága ẹgbẹ́ awakọ̀.
Àwọn ọmọ iléèwé pẹ̀lú ife-ẹ̀yẹ.
Àti ìka mẹ́rin ní igun òkè, lápá òsì,
ìka mẹ́rin kan náà nínú gbogbo wọn,
wọ́n di etí aṣọ ẹ̀yìn mú
kí atẹ́gùn má ṣí i.

A pe Bàbá. Ó fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn wa,
ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Oníbúrẹ́dì ti yọ ti ìrọ̀lẹ́,
òórùn rẹ̀ gba yàrá.
"Àṣàbí nìyẹn. Òun ló máa ń bá mi di aṣọ mú.
Ogún ọdún. N kò ya obìnrin náà rí.
Mò ń sọ pé tó bá dọ̀la.
Àwọn oníbàárà ń dúró."

Ohun tójú ń wá lojú ń rí, àgbà ló wí.
Ẹ̀rọ yìí ò gbọ́ òwe.
Ohun tá à ń gé sọnù ló wò.

Ìbídùnní fẹ́ rà á. Ó dárúkọ owó, owó gidi,
owó tí yóò gbé háyà wa dé Iléyá.
Bàbá mirí. "Ẹ lọ ya ọwọ́ mìíràn. Ọwọ́ pọ̀ nílùú."
Mojírayọ̀ wò mí. Èmi wo ilẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, lórí iná jẹnẹrétọ̀,
a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rọ ní ohun tí kò sí nínú ètò wa:
pé èèyàn lè rí nǹkan
kó má sì fi hàn.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó le ju wíwò lọ.

A tún agolo méjìdínlógún àkọ́kọ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀,
láti etí dé etí.
Títí di ìsinsìnyí, bí n bá fẹ́ ya fọ́tò,
mo máa ń sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i.